Jáàkì Ní Nọ́ńbà, Férémù Ò Ní

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ìfúngàrí, nọ́ńbà ni wọ́n á kọ́kọ́ kà sí yín létí. "Tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ni tibí yìí. Ogún ni tọ̀hún. Èyí tó wà lẹ́yìn yẹn, ọgbọ̀n ni, bàbá wọn ni." Wọ́n á fi ìka lu ara jáàkì níbi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ ọ́ sí, ẹ ó sì rí i: 30 TON, gàdàgbà gàdàgbà lórí ọ̀dà pupa. Ibẹ̀ ni owó á ti gbéra. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè pé férémù tí jáàkì yẹn jókòó sínú ẹ̀ ńkọ́, tọ́ọ̀nù mélòó ni òun lè gbà mọ́ra? Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Irin ni kẹ̀! Kí ló fẹ́ ṣe irin?"

Ìdáhùn yẹn ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ tí mò ń kọ yìí. Káàkiri Ìjẹ̀bú, ẹ̀rọ tá a fi ń fún omi ẹ̀gẹ́ ti wọ́pọ̀ débi pé kò sí ẹni tó tún ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Agbára jáàkì la gbà pé ó jẹ́ agbára ẹ̀rọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ yẹn ti le kọ́ ló ti ń ṣeni léṣe, ibi tó ti rọ̀ ni. Ibẹ̀ náà ló sì ti ń bàjẹ́ láìpẹ́ láìjìnnà.

Fífún yìí kì í ṣe ohun tá a lè fò o. Ẹ̀gẹ́ tútù tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ wú nílẹ̀, omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ó tó ìdá 60 sí 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù kan kì í fi í ju gàrí bíi 200 sí 250 kílò lọ nígbà tó bá kúrò lórí iná. Bí wọn ò bá fún omi yẹn jáde, igi ìdáná ni yóò lé e lọ, igi sì ti wọ́n. Omi yẹn kan náà ló ń gbé oró ẹ̀gẹ́ jáde. Bí ẹ̀rọ bá ti lọ ẹ̀gẹ́ kúnná, oró inú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà di sáyánáìdì, èyí tó máa ń di afẹ́fẹ́ bí ooru bá ti tó bíi 26 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńṣíọ́ọ̀sì. Ọ̀sán Ìjẹ̀bú kì í sì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Apá kan á bá afẹ́fẹ́ lọ, apá kan á bá omi lọ, iná abẹ́ agbada á lé ìyókù. Nítorí náà, ẹ má fi ẹ̀rọ ìfúngàrí sínú yàrá tí kò ní fèrèsé, ẹ má sì jẹ́ kí ewúrẹ́ rí omi tó ń ṣàn lábẹ́ ẹ̀ mu.

Àwọn ìyá wa àgbà kò ní jáàkì. Wọ́n á rọ ẹ̀gẹ́ lílọ̀ sínú àpò, wọ́n á to àpò sórí igi, wọ́n á gbé òkúta ńláńlá lé e. Bí kò bá sí òkúta, wọ́n á fi igi há àpò láàárín, wọ́n á fi okùn dì í, wọ́n á máa fún okùn náà le sí i láràárọ̀. Bí omi ti ń jò díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ ń kan. Iṣẹ́ méjì ni òkúta ń ṣe pọ̀ nígbà kan náà, ohun tó sì fún gàrí Ìjẹ̀bú ní kíkan tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ nìyẹn. Ní Gúúsù Amẹ́ríkà níbi tí ẹ̀gẹ́ ti wá, àwọn ọmọ onílẹ̀ lápá Amazon ní apẹ̀rẹ̀ gígùn kan tí wọ́n ń pè ní tipiti. Wọ́n á kó ẹ̀gẹ́ sí i, wọ́n á gbé e kọ́, wọ́n á fa ìdí ẹ̀ sísàlẹ̀. Bó bá ti ń gùn ni inú ẹ̀ ń há, omi á sì máa ro. Tiwọn dára, àmọ́ òkúta la mọ̀ níbí.

Òkúta ní ìwà kan tí jáàkì ò ní: agbára ẹ̀ hàn sójú. Ẹni tó gbé e lé àpò ló fi apá ara ẹ̀ gbé e, ó mọ bó ṣe wúwo tó, ó sì mọ̀ pé bó bá já, ẹsẹ̀ ló máa já lé. Jáàkì ń fi agbára tiẹ̀ pa mọ́. Ọmọ ọdún méjìlá lè fi ọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́ kó máa fi ọwọ́ kejì jẹ àgbàdo. Nínú ẹ̀ lọ́hùn-ún, písítìn kékeré ń ti ọ́ìlì lọ bá písítìn ńlá, bí ọ́ìlì ò sì ti ṣe é fún pọ̀, agbára kékeré tí ọwọ́ mú wá á ti di ìlọ́po ìlọ́po kó tó jáde. Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló la òfin yìí yé àwọn ènìyàn ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ní 1795 ni Joseph Bramah, ará Ìlú Ọba, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìfún tó ń fi omi ṣiṣẹ́. Ohun tí tọ́ọ̀nù 30 jẹ́ gan-an, ẹ wo tírélà sìmẹ́ǹtì tó ń ti Ṣàgámù bọ̀ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde kọjá lọ sí Orẹ̀. Àpò 600 ló máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀, 50 kílò lọ́kọ̀ọ̀kan. Tọ́ọ̀nù 30 géérégé nìyẹn. Gbogbo ẹ̀ pátá ni ọmọdé ń fi ọwọ́ kan tẹ̀ lórí pákó tí ìbú ẹ̀ kò ju ìdajì mítà lọ.

Níbo wá ni ẹrù yẹn ń lọ? Àpò ẹ̀gẹ́ gba tiẹ̀ nísàlẹ̀, ìyẹn yé gbogbo wa. Ṣùgbọ́n bí jáàkì ti ń ti àpò sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ti irin òkè sókè, iye kan náà, kò dín kò lé. Òpó méjì tó di òkè mọ́ ìsàlẹ̀ ló ń pín in, tọ́ọ̀nù 15 fún òpó kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí jáàkì bá dúró láàárín gan-an. Bó bá yẹ̀ sápá kan, òpó tó sún mọ́ ọn á gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tẹ̀ lé ẹrù náà dé ibi tí òpó ti pàdé irin òkè. Kí lẹ bá níbẹ̀? Ojú jíjó, ibi tí wẹ́dà ti fi iná jó irin méjì pọ̀. Ìlà kan tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ, tí ẹnì kan jó lábẹ́ òòrùn, bóyá jẹnẹrétọ̀ ń ṣe ségesège lọ́jọ́ náà, bóyá ẹ̀lẹ́kíróòdù tó fi jó o ti gba ọ̀rinrin. Kò sí ohun mìíràn láàárín ẹni tó ń tẹ jáàkì àti tírélà yẹn.

Wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ojú jíjó nìkan gbé ẹrù. Á ṣe etí sára òpó kí irin òkè wọ abẹ́ ẹ̀, kí ó jẹ́ pé irin ló ń ti irin, kí ojú jíjó kàn máa dì wọ́n mú kí wọ́n má yẹ̀ kúrò. Ẹlòmíràn á lu òpó àti irin òkè já, á fi bóòtì ńlá gba inú àwọn méjèèjì kọjá. Irú ẹ̀ ò pọ̀ lójú pópó, nítorí irin tó ń jẹ pọ̀, àsìkò tó ń gbà pọ̀, ẹni tó sì ń rajà kì í rí i lójú.

Àǹtí mi kan ń ṣe gàrí ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó. Ṣáásì ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe férémù tiwọn, ó nípọn, ó wúwo, ẹni tó bá rí i á fọkàn balẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí wọn, mo rí ìlà pupa tín-ín-rín kan ní igun òkè lápá òsì, ó ń ti ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Gbogbo ibi yòókù gbẹ, ibẹ̀ nìkan ló ń sun ìpẹtà. Mo tọrọ kẹrosíìnì díẹ̀ àti ẹfun lọ́wọ́ wọn. Ọgbọ́n àtijọ́ ni, àwọn tó ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe ti lò ó pẹ́: ẹ ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò, ẹ fi kẹrosíìnì pa á, ẹ jẹ́ kó wọlé, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá fi ẹfun lílọ̀ kùn ún. Ibi tí kò sán, ẹfun á dúró ní funfun. Ibi tó sán, kẹrosíìnì tó ti kó sínú ẹ̀ á tún padà jáde.

A dúró. Ìlà dúdú kan yọ lójú ẹfun, ó tẹ̀ lé etí ojú jíjó láti igun, ó gùn tó àtàǹpàkò, ó sì wá yà wọ inú irin òpó fúnra ẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe wẹ́dà. Ó wò ó, ó fọwọ́ pa á, ó nu ẹfun tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ sára ṣòkòtò. "Mọ́mì, ẹ má dààmú ara yín. Láti ìgbà wo ló ti ń gbé e? Àná ńkọ́, ṣé kò gbé e lánàá ni? Ẹ jẹ́ n fi iná díẹ̀ lé e lórí."

"O ò ní fi iná kankan lé e," ni Àǹtí fi dá a lóhùn. "Ṣé ìwọ lò ń dúró níwájú ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ "ó gbé e lánàá" yìí ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Irin tó gba ẹrù kan lẹ́ẹ̀kan kò ṣèlérí pé òun á máa gbà á títí ayé. Gbogbo ìgbà tí jáàkì bá fà á tí wọ́n sì tún tú u sílẹ̀, ibi tó sán á tún ya sí i, ìwọ̀nba díẹ̀ tí ojú ò lè rí. Ilé gàrí tó ń fún lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́ á ti fà á ju ìgbà 1,000 lọ kí ọdún tó yí po. Ẹrù náà ò pọ̀ sí i, irin tó kù láti gbé e ló ń dín kù, débi pé ẹrù ọjọ́ tó máa já lè má tiẹ̀ tó ti àná. Bí wẹ́dà bá sì jó iná lé e lórí láìkọ́kọ́ gbẹ́ ibi tó sán kúrò dé ìdí, ó kàn da aṣọ bò ó ni. Ti ṣáásì ọkọ̀ tilẹ̀ tún burú jù: ọ̀pọ̀ nínú irin yẹn ni wọ́n ti mú le nílé iṣẹ́, bí iná wẹ́dà bá sì ti kàn án, ẹ̀gbẹ́ ibi tó jó á rọ̀. Èmi ò tiẹ̀ ní sọ ti gbogbo kòtò tó ti kó sí láàárín Èkó sí Kánò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Férémù tó dára náà ò bọ́ lọ́wọ́ omi ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ̀gẹ́ bá ti kan dáadáa, pH omi ẹ̀ máa ń sún mọ́ 4, ìyẹn ni pé ó kan tó láti máa jẹ irin lásán tọ̀sán tòru. Ìdí òpó ló ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí omi ti ń dúró láàárín irin méjì tí wọ́n jó pọ̀ láìdí àlàfo ẹ̀. Ọ̀dà á bò ó, ojú á máa dán, abẹ́ ẹ̀ á ti dógùn-ún. Ẹ fi òòlù kékeré kàn án: irin tó dá ṣáká á dún gooro, èyí tó ti jẹrà kò ní dún bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá wá ṣí nínú ọ̀dà àti ìpẹtà yẹn, inú ẹ̀gẹ́ ló ń já sí. Bí apá bá ká a, kí ibi tó ń kan ẹ̀gẹ́ jẹ́ sìtéńlẹ́ẹ̀sì. Bí apá ò bá ká a, omi tó mọ́ àti aṣọ gbígbẹ nírọ̀lẹ́ ń ṣe ju bí a ti rò lọ.

Jáàkì náà ń jìyà ẹ̀. Ọ̀pá dídán tó ń yọ jáde lórí ẹ̀, wọ́n mú un dán kí ó lè máa yọ̀ kọjá nínú rọ́bà tó di ọ́ìlì mọ́lé. Bí omi kíkan bá ta sí i tí wọ́n sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó máa jẹ ẹ́ ní ihò wẹ́wẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ìgbà tí ọ̀pá bá gòkè tó sì sọ̀ kalẹ̀, ihò wọ̀nyẹn á máa ha rọ́bà. Ọ́ìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Kí ni wọ́n máa ń dà sí i? Èyí tó bá sún mọ́ ọwọ́. Mo ti rí ẹni tó da ọ́ìlì búrékì sí i, tó ní ọ́ìlì náà ni ọ́ìlì. Búrékì á mú rọ́bà inú jáàkì wú, á sọ ọ́ di jẹ̀lẹ̀ǹkẹ̀, jáàkì tí ì bá lo ọdún díẹ̀ sí i á kú lójijì. Ọ́ìlì jáàkì ni kí ẹ rà, kò sí àbùjá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tún kù: orí pákó ni jáàkì jókòó sí, abẹ́ pákó ni ẹ̀gẹ́ wà, ọ́ìlì tó bá jò kò níbòmíràn tó ń lọ. Àwo irin pẹlẹbẹ tí etí ẹ̀ dìde, kí wọ́n gbé e sábẹ́ jáàkì, owó ẹ̀ kò tó ti àpò gàrí kan tí oníbàárà dá padà nítorí òórùn.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni páìpù. Bí ọwọ́ jáàkì bá ti le, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń bá wọn tẹ̀ ẹ́ á wá páìpù gígùn, wọ́n á kì í bọ ọwọ́ náà kí ó lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Líle tó le yẹn, ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀. Jáàkì tó dára ní fáàfù kan nínú tó máa ń ṣí fúnra ẹ̀ bí ẹrù bá ti kọjá nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èyí tó wà lọ́jà ló ní in, férémù ò sì ní irú ẹ̀ rárá. Nígbà mìíràn, igi ni wàhálà ẹ̀. Ọ̀pá jáàkì kì í sábà yọ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, ẹ̀gẹ́ sì ń súnkì bí omi ti ń jáde, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ tú jáàkì kí wọ́n sì fi nǹkan sí i lábẹ́. Pákó ńlá kan tó fẹ̀ dọ́gba ló yẹ. Ohun tí ẹ máa rí ni àjákù igi mẹ́rin, mẹ́ta, tí wọ́n tò léra wọn, tí jáàkì ń dúró lórí ẹ̀ bí ẹní dúró lórí ẹyin. Ní ilé gàrí kan lápá Rẹ́mọ, ọ̀kan nínú irú igi bẹ́ẹ̀ ta jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí ẹnì kan kọjá, ó sì lu ògiri bíríkì débi pé ojú ibẹ̀ ṣì wà. Ọjọ́ kejì, igi kan náà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́.

Kánjúkánjú ni ìdí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ kánjúkánjú ò ṣe ẹ̀gẹ́ lóore kan. Tí wọ́n bá rọ́ agbára lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀gẹ́ tó wà létí àpò á ki pọ̀, á dí ọ̀nà mọ́ omi tó wà láàárín, bí wọ́n bá sì fi ipá mú un, àpò á bẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ kí omi ro, ẹ tún padà wá tẹ̀ ẹ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn.

Àwọn kan wà tí wọn kò fi ẹ̀rọ onískúrù sílẹ̀ rí, èyí tí ẹni méjì máa ń di ọ̀pá orí ẹ̀ mú tí wọ́n á máa yí i po. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ju bí àwọn ọ̀dọ́ ti fẹ́ràn ẹ̀ lọ. Ó ń pẹ́, ó ń dá apá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jáwọ́ níbẹ̀, ibi tẹ́ ẹ bá a dé náà ló máa dúró, kò ní ọ́ìlì tó máa jò, kò sì rọrùn fún ẹni méjì láti yí i débi tí irin máa fi já. Kìkì pé kí eyín skúrù ẹ̀ jẹ́ onígun, kó nípọn, kó má ṣe jẹ́ ti bóòtì lásán, kí nọ́ọ̀tì ẹ̀ sì jẹ́ irin tó rọ̀ ju skúrù lọ, kó lè jẹ́ pé nọ́ọ̀tì tí owó ẹ̀ kéré ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Epo pupa làwọn ìyá kan fi ń pa á dípò gíríìsì. Wọ́n á ní bó bá kán sínú gàrí, gàrí oníyẹ̀lò la ṣe.

N ò lè bá wẹ́dà jà ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tí Àǹtí ní kó ṣe férémù tuntun pẹ̀lú irin ṣánẹ́ẹ̀lì tí kò tíì bá ọkọ̀ rìn rí, kó ṣe etí sí i, kó fi bóòtì há a, kó sì lu nọ́ńbà tó lè gbé sára ẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó ṣírò fún wọn. Owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Ó ní bí òun bá tò ó síwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó máa yà sí i ò sí, nítorí ẹnì kejì lójú ọ̀nà ń ta tiẹ̀ ní ìdajì, òun náà sì ń kọ tọ́ọ̀nù ọgbọ̀n sára jáàkì tiẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Owó tí àwọn obìnrin ń rí lórí àpò gàrí kan, a ò gbọ́dọ̀ máa dá a lábàá fún wọn bí ẹni pé irin la fi ń jẹun.

Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà pẹ̀lú Àǹtí ti dá èésú lórí ẹ̀, wọ́n ṣì ń dá a. Férémù àtijọ́ wà lẹ́yìn ilé, wọ́n ti tú jáàkì tọ́ọ̀nù 30 kúrò nínú ẹ̀, wọ́n sì ti tà á. Férémù kékeré kan tí wọ́n yá ni wọ́n ń lò báyìí pẹ̀lú jáàkì tọ́ọ̀nù 10. Ẹ̀gẹ́ tó ti kan dáadáa kó tó débẹ̀, omi ẹ̀ ń jáde kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó sì ń jọ̀ dáadáa nínú asẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn oníbàárà tó ń ti Èkó wá ò tíì bèèrè tọ́ọ̀nù mélòó ni wọ́n fi fún un.